Ẹ Má Tíì Tẹ̀ka: Lọ́yà Wo Ni Ẹni Tí Mọ́tò Ṣe Léṣe Yóò Gbà?

A ó tà, a ó jèrè, a ò sì ní fi èrè náà tọ́jú ara o. Àmín.

Àdúrà tó kẹ́yìn yẹn ló fa ọ̀rọ̀ òní. Ọ̀pọ̀ nínú yín ló mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìyá kan nínú wa tó ń ta gààrí. Mi ò ní dárúkọ wọn, ṣùgbọ́n àwọn fúnra wọn ló ní kí n kọ ọ́, kó má bàa ṣe ẹlòmíì. Wọ́n lọ kó ọjà. Bọ́ọ̀sì tí wọ́n wọ̀ ti ń padà bọ̀ lójú ọ̀nà márosẹ̀ Ṣàgámù sí Ìjẹ̀bú-Òde, ni tíréélà kan já wọ ẹ̀gbẹ́ wọn. Ẹsẹ̀ ìyá kán ní ojú méjì. Gààrí àpò mẹ́fà dà sínú kòtò. A dúpẹ́ pé ẹ̀mí ò bọ́.

Lọ́jọ́ kẹta, ìyá ṣì wà lórí bẹ́ẹ̀dì, ọ̀gbẹ́ni kan dé pẹ̀lú ọsàn àti búrẹ́dì. Ó ní ẹni tó ni tíréélà ló rán òun. Ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó sunkún díẹ̀. Ó ní dẹ́rẹ́bà náà ní ìyàwó, ó ní ọmọ mẹ́rin, ọlọ́pàá sì ti tì í mọ́lé, kí ìyá ṣàánú. Ló bá yọ ₦150,000 síta, pẹ̀lú ìwé kan tí wọ́n ti tẹ̀ sílẹ̀ kó tó kúrò nílé. “Ẹ kàn bá wa tẹ̀ka síbí, Mà, kí ọlọ́pàá lè rí i pé a wá kí yín.” Ìyá tẹ̀ka. Ó gbàdúrà fún wa kó tó lọ. Àwa méjì nínú ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ wà níbẹ̀, a sì ṣe àmín.

Kí ìyá tó kúrò ní ọsibítù, owó irin tí wọ́n fi sínú ẹsẹ̀ wọn nìkan ti jẹ́ ìlọ́po mẹ́ta owó yẹn. Ìyókù, àwa la dá a, ẹ rántí bí a ṣe gba ẹgbẹ̀rún méjì méjì lọ́wọ́ yín. Ìgbà tí ọmọ wọn gbé ìwé ọ̀hún lọ bá lọ́yà kan n'Íjẹ̀bú-Òde ni a tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀: pé ìyá ti gba gbogbo ẹ̀tọ́ wọn pé, àti pé wọn ò ní pe ẹni tó ni mọ́tò lẹ́jọ́ láéláé. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó ni mọ́tò kì í ṣe tálákà kan o. Iléeṣẹ́ ni, mọ́tò wọn sì pọ̀ lójú títì.

Lọ́yà yẹn wo ìwé náà síwá sẹ́yìn. Ó bi ọmọ ìyá pé, “Ta ló kọ ọ́? Ta ló kà á sí màmá létí?” Kò sí orúkọ ẹni tó kọ ọ́, kò sí àdírẹ́sì. Ó wá là á yé wa pé òfin kan wà nílẹ̀ Yorùbá níbí láti ìgbà pípẹ́ tó ń dáàbò bo ẹni tí kò mọ̀wé: ẹni tó bá bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ kọ ìwé gbọ́dọ̀ kà á sí i létí, kó túmọ̀ rẹ̀ kó yé e, kó tó tẹ̀ka, kó sì kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ síbẹ̀. Nítorí náà ìjà ṣì wà nínú ọ̀rọ̀ yẹn. Ṣùgbọ́n ìjà tó ìbá rọrùn ti di èyí tó le.

Mo mọ ohun tí àwọn àgbà yóò sọ. A kì í ti kóòtù dé ká ṣọ̀rẹ́. Òótọ́ ni. Ẹ jẹ́ ká fi òwe yẹn sílẹ̀ fún aládùúgbò, fún ìyàwó àti ọkọ, fún ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tó ń jà sílé bàbá wọn. Ọ̀rẹ́ wo la bá tíréélà ṣe? Ẹni tó ni ín ò mọ̀ wá rí, kò tilẹ̀ wá fúnra rẹ̀. Tí a bá sọ pé a fi í fún Ọlọ́run, àwa kan náà la tún ń dáwó kiri ọjà láti san owó tó yẹ kí ẹlòmíì san. Àwa tí ọ̀nà márosẹ̀ yẹn gba ẹ̀gbẹ́ wa kọjá, láti Odògbolú dé Ayépé dé Òṣóṣà, tí a kì í lọ Ṣàgámù tàbí Mile 12 láì gba orí rẹ̀, kò yẹ kí a má mọ ọ̀rọ̀ yìí.

Ohun kan wà tó máa ń dà wá lójú rú. Ọ̀pọ̀ wa ló rò pé bí ọlọ́pàá bá ti gbé dẹ́rẹ́bà lọ sí kóòtù, owó ìtọ́jú ń bọ̀ nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹjọ́ ìjọba ni ọlọ́pàá ń ṣe. Bí adájọ́ bá bu owó ìtanràn fún dẹ́rẹ́bà, àpò ìjọba ló ń lọ. Ẹjọ́ owó gbà-má-bínú, ọ̀tọ̀ ni; ẹni tó fara pa ló ń pè é. Kì í sì í ṣe dẹ́rẹ́bà nìkan lẹ lè pè. Bí dẹ́rẹ́bà bá wà lẹ́nu iṣẹ́ ọ̀gá rẹ̀ nígbà tó ṣe yín léṣe, ọ̀gá náà jẹ nínú ẹ̀bi. Èyí gan-an ni ẹ fi lè mọ lọ́yà tó mọṣẹ́. Èyí tó mọṣẹ́ kò ní kọ́kọ́ bi yín pé, “Kí lorúkọ dẹ́rẹ́bà?” Yóò bi yín pé, “Ta ló ni mọ́tò? Kí ni wọ́n kọ sára rẹ̀? Nọ́ńbà rẹ̀ dà?”

Yóò tún béèrè inṣọ́ránsì, èyí tí àwọn oníwèé ìròyìn ń pè ní adójútòfò. Láti òfin ọdún 1945 ni wọ́n ti sọ ọ́ di dandan fún gbogbo mọ́tò tó ń rìn lójú títì láti ní inṣọ́ránsì tí yóò gbọ́ ti ẹlòmíì tí mọ́tò náà bá ṣe léṣe, bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú òfin inṣọ́ránsì tuntun ti ọdún 2025. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, wọ́n gbé owó rẹ̀ fún mọ́tò ilé láti ₦5,000 sí ₦15,000, ariwo sì ta. Gbogbo wa la mọ̀ pé ayédèrú pọ̀ nínú ìwé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì. Ṣùgbọ́n mọ́tò iléeṣẹ́ ńlá sábà máa ń ní ti gidi, owó sì wà níbẹ̀ fún ẹni tó bá mọ ọ̀nà tí wọ́n ń gbà béèrè rẹ̀. Lọ́yà tí kò bá dárúkọ inṣọ́ránsì rárá nígbà tí ẹ kọ́kọ́ jókòó, ẹ máa fura.

Ó yá, lọ́yà wo ni kí ẹ gbà?

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá lọ́yà ni. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Kóòtù dúdú àti kọ́là funfun ò wọ́n lọ́jà. Àwọn kan wà níwájú kóòtù àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgọ́ ọlọ́pàá tí wọn ò wọ ilé ìwé òfin rí, tí wọ́n sì ń gba owó lọ́yà. Lọ́yà tòótọ́, orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ńlá tó wà ní kóòtù tó ga jù lọ l'Ábùjá, ó ní nọ́ńbà ìforúkọsílẹ̀. Láti ọdún 2015, wọn kì í fẹ́ gba ìwé lọ́yà ní kóòtù láìsí sítáǹpù àti èdìdì Ẹgbẹ́ Àwọn Agbẹjọ́rò, NBA, orúkọ lọ́yà náà sì máa ń wà lára sítáǹpù yẹn. Ẹgbẹ́ náà ní ẹ̀ka n'Íjẹ̀bú-Òde. Ẹ rán ọmọ yín tó mọ̀wé lọ síbẹ̀ kó béèrè pé, “Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ mọ lágbájá?” Ẹnì kankan ò ní bínú. Bí àwa náà bá fẹ́ fún oníbàárà lọ́jà àwìn, ṣebí a ń béèrè ìdí rẹ̀ ká tó gbé e fún un.

Èkejì, ẹni tó bá ń wá yín kiri, ẹ sá fún un. Òfin iṣẹ́ àwọn lọ́yà kọ̀ fún wọn láti máa rán àgbèrò kiri ọsibítù, bẹ́ẹ̀ ló kọ̀ fún wọn láti pín owó iṣẹ́ wọn pẹ̀lú ẹni tí kì í ṣe lọ́yà. Nítorí náà, bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan bá bá yín ní wọ́ọ̀dù pé òun ní lọ́yà kan tó dáa, ẹ bi í léèrè èló ni wọ́n ń fún un. Bóyá ó ń bá ọlọ́pàá pín in náà ni, ta ló mọ̀.

Ẹ má sì gba lọ́yà ẹni tó ṣe yín léṣe. Àwọn kan máa ń sọ pé, “Lọ́yà wa yóò bá àwa méjèèjì ṣe é, kí owó má bàa pọ̀.” Ẹnì kan kì í gbá ìlù fún ẹgbẹ́ méjì tó ń bára wọn jà. Ọ̀gá rẹ̀ ló ń sanwó fún un, ohun tó sì fẹ́ ni kí owó tí ọ̀gá rẹ̀ yóò san kéré.

Ọ̀rọ̀ ọmọ ẹ̀gbọ́n wá kù. Kò sí ilé kan n'Íjẹ̀bú tí kò ní lọ́yà, a dúpẹ́ fún ìyẹn. Kí mọ́tò tó gbá wa tán, gbogbo ẹbí ti ń sọ pé ọmọ Bùrọ̀dá lágbájá ń bẹ l'Ékòó, lọ́yà ni. Ó lè jẹ́ lọ́yà dáadáa. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ àti ilé ni ọmọ yẹn ń ṣe láti ogún ọdún, kò ṣe ẹjọ́ mọ́tò rí. Aláṣọ kì í ta ẹja, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọlọ́jà ni àwọn méjèèjì. Wàhálà kejì ni pé ẹ ò ní lè bínú sí i. Bó bá jókòó lé ìwé yín lórí fún ọdún mẹ́ta, ta ni yóò lọ fẹjọ́ rẹ̀ sùn? Bàbá rẹ̀? Ẹ jẹ́ kó bá yín wo lọ́yà tí ẹ fẹ́ gbà. Ìyẹn náà ti tó ìrànlọ́wọ́.

Ẹ bi lọ́yà ní ojú kojú pé, “Ẹjọ́ ẹni tó fara pa mélòó lẹ ti ṣe? Báwo ló ṣe parí?” Ẹ má kàn máa wá ẹni tí kò pàdánù rí. Ìtàn kan wà tó wù mí láti sọ fún yín. Ní ọdún 1928, obìnrin kan tó ń jẹ́ May Donoghue, ẹni tó ń bá wọn tajà ní ṣọ́ọ̀bù, lọ mu mínírà ní ìlú Paisley, lórílẹ̀-èdè Scotland. Ó ti mu díẹ̀ kí wọ́n tó da ìyókù sínú kọ́ọ̀pù, ó ní ìgbín tó ti jẹrà ló jáde látinú ìgò. Inú bẹ̀rẹ̀ sí í run ún. Òun kọ́ ló ra mínírà náà, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló rà á fún un, nítorí náà òfin ìgbà yẹn kò fún un lọ́nà púpọ̀. Ó lọ bá lọ́yà kan ní Glasgow, Walter Leechman. Leechman yìí ti gbé irú ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ lọ sí kóòtù, eku ni wọ́n rí nínú mínírà nígbà náà, ó sì pàdánù. Síbẹ̀ ó gba ẹjọ́ obìnrin yìí, kò gba kọ́bọ̀. Obìnrin náà búra ní kóòtù pé ohun tí òun ní láyé kò tó pọ́n-ùn márùn-ún. Ní ọdún 1932, kóòtù tó ga jù lọ ní London sọ pé ẹni tó bá ṣe ohun jíjẹ tàbí mímu fún aráyé gbọ́dọ̀ ṣọ́ra kó má bàa ṣe ẹni tó mu ún léṣe, ì báà má jẹ́ ẹni yẹn ló fọwọ́ ara rẹ̀ rà á. Títí dòní, àwọn adájọ́ Nàìjíríà ń tọ́ka sí ẹjọ́ náà. Lọ́yà tó ti pàdánù lẹ́ẹ̀mejì tó sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́, ó sàn ju ẹni tí kò gbìyànjú rí. (Ẹ̀yin tó ń ta mínírà, ẹ máa wo inú ìgò o.)

Ọ̀rọ̀ owó ni kí ẹ fetí sí dáadáa, torí ibẹ̀ ni ìjà ti máa ń ṣẹlẹ̀ láàrin àwa àti lọ́yà. Ọ̀nà méjì ló wọ́pọ̀. Lọ́yà lè gba owó iṣẹ́ rẹ̀ ṣáájú, díẹ̀díẹ̀ tàbí lẹ́ẹ̀kan. Tàbí kó ní òun yóò dúró, bí owó bá wọlé, òun yóò mú ìpín nínú rẹ̀. Òfin gbà á láàyè nínú ẹjọ́ owó gbà-má-bínú, tí ìpín náà kò bá ti pọ̀ jù, tó sì ti là á yé yín. Ẹ ṣàlàyé méjì kí ẹ tó gbà. Ìkíní: ta ni yóò san owó ìwé kóòtù, owó mọ́tò lọ́yà, owó ìwé dókítà? Ìkejì: ṣé kí wọ́n tó yọ ìnáwó ni lọ́yà yóò mú ìpín tirẹ̀, àbí lẹ́yìn rẹ̀? Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀ bí a ṣe ń ṣírò ọjà. Ká ní owó tó wọlé jẹ́ ₦2,000,000, ìnáwó jẹ́ ₦300,000, ìpín lọ́yà sì jẹ́ 20 nínú 100. Bó bá mú tirẹ̀ lára gbogbo rẹ̀, yóò gba ₦400,000, yóò ku ₦1,300,000 fún yín. Bó bá jẹ́ pé wọ́n yọ ìnáwó kúrò kó tó mú tirẹ̀, ₦340,000 ni yóò gbà, tiyín á di ₦1,360,000. Ọgọ́ta ẹgbẹ̀rún náírà ló wà láàrin ìbéèrè kan ṣoṣo yẹn. Kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹnì kan kà á fún yín ní Yorùbá, kí ẹ mú ẹ̀dà kan lọ sílé. Ẹ gba rìsíìtì fún gbogbo kọ́bọ̀.

Ẹ tún béèrè ibi tí owó yóò gbà wọlé. Lọ́yà kò gbọ́dọ̀ da owó oníbàárà pọ̀ mọ́ owó ara rẹ̀. Òfin iṣẹ́ wọn ló sọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ Àbíjáàn, níbi tí àwọn ará Èjìgbò wa pọ̀ sí, lè kọ́ wa lọ́gbọ́n. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2006, wọ́n da ìdọ̀tí olóró tó wá látinú ọkọ̀ ojú omi kan, Probo Koala, káàkiri ìlú yẹn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ṣàìsàn. Àwọn lọ́yà kan ní London, Leigh Day, gba ẹjọ́ nǹkan bí 30,000 ènìyàn. Ní ọdún 2009, Trafigura, iléeṣẹ́ tó háyà ọkọ̀ náà, gbà láti san £30 mílíọ̀nù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò gbà pé àwọn jẹ̀bi. Ó yẹ kí ẹnì kọ̀ọ̀kan gba nǹkan bí £1,000. Àwọn lọ́yà fi owó náà ránṣẹ́ sí báńkì ní Àbíjáàn. Ni ọkùnrin kan bá dìde níbẹ̀ pé òun ni olórí ẹgbẹ́ àwọn tó fara gbá a. Ìwé kóòtù tó gbà fi owó sí ìkáwọ́ rẹ̀. Nǹkan bí 6,000 ènìyàn kò rí kọ́bọ̀ gbà. Ní ọdún 2016, adájọ́ kan ní London sọ pé àwọn lọ́yà náà ṣe àìbìkítà, pé kò yẹ kí wọ́n gbé owó lọ síbi tí ewu irú bẹ́ẹ̀ wà. Ẹ ò rí i pé lọ́yà tó mọṣẹ́, tó jà fitafita, tó borí, ṣì lè jẹ́ kí owó bọ́ lẹ́nu ọ̀nà. Àti pé ẹni tó ní òun ń ṣojú ẹgbẹ́, ẹ béèrè ẹni tó yàn án. Mo mọ̀ pé àwa náà ń pe ara wa ní ẹgbẹ́. Ẹ bi àwa náà.

Bí ẹ ò bá ní owó lọ́yà rárá, Ìgbìmọ̀ Ìrànlọ́wọ́ Òfin ti ìjọba àpapọ̀ wà, Legal Aid Council, ẹ̀ka wọn wà ní gbogbo ìpínlẹ̀, tiwa wà l'Abẹ́òkúta. Òfin wọn ti ọdún 2011 ka ẹjọ́ ẹni tó fara pa nínú jàǹbá mọ́ ohun tí wọ́n lè ṣe lọ́fẹ̀ẹ́, fún ẹni tí owó tó ń wọlé fún un kò ju owó oṣù tó kéré jù lọ, tó di ₦70,000 ní ọdún 2024. Èrè ni wọ́n ń pè ní owó tó ń wọlé o, kì í ṣe owó ọjà. Ẹni tó ta ₦400,000 lóṣù lè má jèrè tó ₦70,000, ẹ̀yin náà mọ̀.

Bó bá sì jẹ́ ọmọ yín tó ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ ló fara pa lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀nà rẹ̀ yàtọ̀. Òfin ọdún 2010 wà fún ìyẹn, ọ̀dọ̀ NSITF ni owó ti ń wá. Kí ọmọ náà sọ fún ọ̀gá rẹ̀ láàrin ọjọ́ 14. Kò tilẹ̀ nílò láti pe ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́.

Ẹ má jẹ́ kó pẹ́. Òfin ní gbèdéke. Bí mọ́tò bá gbá yín l'Ékòó, ọdún mẹ́ta lẹ ní láti pe ẹjọ́ ẹni tó fara pa. Bó bá jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ló ń wa mọ́tò ìjọba lẹ́nu iṣẹ́, oṣù mẹ́ta péré ni. Oṣù mẹ́ta, ẹsẹ̀ tó kán kò tíì jinná! Nítorí náà, ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ẹ bá rí lọ́yà ni kí ẹ bi í pé, “Ìgbà wo ni ẹjọ́ mi yóò kú?” Bó bá ní kò sí wàhálà, ẹ má gba ìyẹn. Kó dárúkọ ọjọ́.

Ohun tó kàn, èmi rò pé òun ló ṣe pàtàkì jù, bẹ́ẹ̀ a ò kà á sí. Bí ẹjọ́ bá dé kóòtù, adájọ́ yóò bi yín pé, “Èló lò ń pa lọ́jọ́ kan kí o tó fara pa?” Ìyá tó ń ta gààrí yóò ní, “Olúwa mi, mò ń rí jẹ.” Rí-jẹ kì í ṣe iye. Nílé ẹjọ́ wa, owó tí ẹ bá sọ pé ẹ pàdánù, náírà kọ̀ọ̀kan ni kí ẹ fi ẹ̀rí gbè. Ẹni tó ń gba owó oṣù yóò mú ìwé owó oṣù rẹ̀ wá. Àwa ńkọ́? Àwa ní ju bí a ṣe rò lọ. Káàdì àjọ tí alájọ ń fàmì sí lójoojúmọ́, ẹ̀rí ni. Tíkẹ́ẹ̀tì ọjà, ìwé tí a fi ń kó ọjà lọ́dọ̀ oníṣòwò ńlá, ìwé báńkì, ọ̀rọ̀ táyà tó wọ fóònù pé owó wọlé, ẹ̀rí ni gbogbo wọn. Ẹ ra ìwé kékeré kan. Ohun tí ẹ rà, iye tí ẹ rà á, iye tí ẹ tà á, kí ọmọ kan máa bá yín kọ ọ́ lálaalẹ́. Ọdún kan irú ìwé bẹ́ẹ̀ yóò sọ̀rọ̀ níwájú adájọ́ ju omijé lọ.

Bákan náà ni ti ọsibítù. Gbogbo rìsíìtì oògùn, fọ́tò ìgúnpá tí wọ́n yà, owó ọ̀kadà tí ẹ fi lọ yọ àwọ̀n òwú, ẹ kó wọn sínú ọ̀rá kan. Bí ẹ bá ní fóònù tó ń ya àwòrán, ẹ ya mọ́tò náà, ẹ ya nọ́ńbà rẹ̀, ẹ ya ojú títì kí wọ́n tó fà á kúrò. Ẹ gba nọ́ńbà ẹlẹ́rìí méjì. Ẹ pe ẹ̀ṣọ́ ojú pópó, nọ́ńbà FRSC ni 122, ọ̀fẹ́ ni. TRACE ìpínlẹ̀ wa náà ń wá. Ìwé tí wọ́n bá kọ ni lọ́yà yóò kọ́kọ́ wá. Bí ọsibítù kan bá sì ní òun kò ní fọwọ́ kan ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ń dà lára rẹ̀ àfi tí ẹ bá sanwó, òfin ìlera ti ọdún 2014 kọ̀ ọ́, ó sì ní ìyà tirẹ̀.

Bí ẹ bá ti wá gba lọ́yà, tó sì ń sá fún yín, tí kì í gbé fóònù, tó ń sún ẹjọ́ síwájú láìsọ ìdí, ẹ ní ẹ̀tọ́ láti pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ kọ ìwé sí i, ẹ san èyí tó ti ṣe, ẹ gba fáìlì yín. Bó bá jẹ owó yín, ẹ kọ ìwé ẹ̀sùn sí ẹ̀ka NBA n'Íjẹ̀bú-Òde, ìgbìmọ̀ kan sì wà tó ń bá lọ́yà wí, tó lè gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n ti ṣe é fún ọ̀pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ máa rántí pé ẹjọ́ kì í yá ní Nàìjíríà, lọ́yà tó dáa náà kò lè sáré ju adájọ́ lọ. Ẹni tó bá ṣèlérí fún yín pé oṣù mẹ́fà ló máa parí, irọ́ ló ń pa.

Ibi tí ẹgbẹ́ wa dúró sí nìyí, Ìyálọ́jà ti fọwọ́ sí i. Láti ìsinsìnyí, ọmọ ẹgbẹ́ tó bá fara pa kò ní tẹ̀ka sí ìwé kankan, ì báà jẹ́ ní ọsibítù, ì báà jẹ́ ní àgọ́ ọlọ́pàá, àfi tí ẹni méjì nínú wa bá wà níbẹ̀, tí ọ̀kan nínú wọn sì mọ̀wé, tó kà á jáde ketekete. Ẹni tó bá ní ìkánjú, kó fi ìwé náà sílẹ̀ kó padà wá. Owó tí a ń dá fún aláìsàn, a ó máa dá a lọ, a ò ní jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kú sórí bẹ́ẹ̀dì. Ṣùgbọ́n a ó máa kọ iye rẹ̀ sílẹ̀, kí lọ́yà lè bá wa béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó jẹ ẹ́.

Ní ìpàdé wa tó ń bọ̀, kí kálukú mú káàdì àjọ rẹ̀ wá. Akọ̀wé yóò kọ́ wa bí a ṣe ń kọ ìwé kékeré yẹn. Ìyá onígààrí yóò wà níbẹ̀, wọ́n ti ń fi ọ̀pá rìn. Lọ́yà wọn ti kọ̀wé sí iléeṣẹ́ tó ni tíréélà, a sì ń retí èsì.